Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí tí Iye Èlùbọ́ àti Epo Wa Kò Fi Ní Máa Bá ti Ọjà Lọ Mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n ní Kúbwà, Bwari àti Súlèjà ní agbègbè Àbújá,

Ẹ kú ìnáwó ilé, ẹ sì kú àdúrótì wa. Láti ìsinsìnyí lọ, iye tí a ó máa ta èlùbọ́ iṣu àti epo pupa ní ṣọ́ọ̀bù wa kò ní máa lọ sókè sódò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ bíi ti ọjà mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí èlùbọ́ tuntun bá pọ̀, tiwa lè fi díẹ̀ wọ́n ju ti àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà lọ. Nígbà tí òjò bá dé, tí ọjà sì gbóná, tiwa yóò dínwó sí tiwọn. Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè ohun tó fà á, ó sì tọ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ńṣe la fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Èlùbọ́ ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ni àwọn ìyá ní Òkè-Ògùn máa ń bó iṣu, tí wọ́n á bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ sínú omi náà mọ́jú, kí wọ́n tó sá a sórí àpáta títí yóò fi di gbódó. Gbódó tó gbẹ dáadáa, bí a bá dá a lọ́wọ́, á ró pàù. Èyí tó bá ń tẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ hu funfun, ti gba omi. Bí wọ́n bá sì lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmàlà rẹ̀ á máa rùn, kò sì ní fà. Òjò kì í jẹ́ kí gbódó gbẹ bó ṣe yẹ, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èlùbọ́ tí à ń jẹ ní oṣù keje, èyí tó bá dára nínú rẹ̀, ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Ẹnìkan ló tọ́jú rẹ̀, ẹni náà ló sì ń dá iye lé e. Epo pupa náà kò yàtọ̀: láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù, lẹ́yìn ìyẹn ni owó rẹ̀ ń gbéra. (Irú ló máa ń pa èmi lẹ́rìn-ín. Igi tó ń so ó pọ̀ lọ́tùn-ún lósì wa ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kàdúná, ṣùgbọ́n irú ilé lẹ máa ń béèrè, ẹ kì í fẹ́ dàwàdáwà tí wọ́n ṣe níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ èso rẹ̀ á wá ti òkè ọya lọ sílé, á di irú, á tún wọ ọkọ̀ padà wá bá yín. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lẹ ń san.)

Ọ̀nà méjì ni ẹrù wa ń gbà. Èyí tó gba Ìlọrin á kọjá ní Jẹ́bà, Mọ́kwà àti Bídà já sí Súlèjà; èyí tó gba Kàbà á já sí Lọ́kọ́ja, á gba Gwagwalada dé Zuba. Kò sí èyí tó ṣeé fọkàn tán nínú méjèèjì. Ní ọdún 2022, odò Ọya àti Benue kún débi pé omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ní agbègbè Koton Karfe, ọkọ̀ epo bẹntiróòlù àti ọkọ̀ ẹrù há sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ ó sì rántí bí a ṣe tò fún bẹntiróòlù nílùú yìí nígbà náà. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìkún-omi tó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Mọ́kwà tún ba ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́ lójú ọ̀nà báyìí nínú òjò, àpò tó wà nísàlẹ̀ tírélà ló ń kọ́kọ́ jìyà: bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ó rí i pé ìdí rẹ̀ ti dúdú, èlùbọ́ inú rẹ̀ sì ti dì gbagidi. Wọ́n á dà á nù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ní nù, orí àwọn àpò tó kù ni wọn yóò dá a lé. Kí a má tíì sọ ti dísù, tí lítà rẹ̀ kò tó 300 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tó sì kọjá 700 nínú ọdún kan náà. Tàbí ti bẹntiróòlù tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń kó ẹrù láti oko wá sí ọjà sì fi kún owó tiwọn.

Nítorí náà la ṣe gba yàrá kan tí omi kò lè dé, tí a fi igi ṣe àtẹ́lẹ̀ kí àpò má baà fara kan sìmẹ́ńtì, tí a sì ń ra gbódó àti epo lásìkò tí wọ́n pọ̀. Owó tí a fi ń rà á, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la ti yá a, èlé sì wà lórí rẹ̀. Owó yàrá àti èlé yìí lẹ ń rí nínú iye tí à ń tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Oníbàárà wa kan tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má kó ẹrù pamọ́ rárá, pé ilé-iṣẹ́ Toyota ní Japan ti fi han gbogbo ayé pé ohun tí a ó lò lónìí nìkan ló yẹ kó dé lónìí, nítorí pé owó tó ń sùn ni ẹrù tó jókòó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtòsí Toyota ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ohun èlò fún un wà, ọ̀nà wọn sì dán. Àwọn náà pàápàá, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì tí omi òkun sì ya wọ ìlú ní oṣù kẹta ọdún 2011, iṣẹ́ wọn dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí àwọn nǹkan tí kò dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ṣètò kí àwọn ohun èlò kan máa wà nípamọ́. Bí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ dán bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń dúró de tírélà ní Zuba kò ní ṣàì ṣe é.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó kan ẹ̀yin náà. Bí ìròyìn bá tàn kálẹ̀ kí Iléyá tàbí Kérésì tó dé pé èlùbọ́ yóò wọ́n, ẹni tó ń ra mudù méjì á ra mẹ́fà. Àwa tí à ń tà á rò pé ọjà ti ń yá sí i, a ó ní kí alájàpá fi kún ẹrù; alájàpá náà á bu tirẹ̀ lé e kí ó má baà tán mọ́ ọn lọ́wọ́; nígbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń sá gbódó, ohun tí wọ́n ń béèrè ti di ìlọ́po ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ jẹ. Owó á fò sókè. Tó bá yá, ẹrù á kún ilé gbogbo èèyàn, kòkòrò á sì wọ̀ ọ́ nítorí kò sí ẹni tó ń rà á. A rí irú rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí gbogbo wa ń sáré kó oúnjẹ jọ kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, bí irú ariwo bẹ́ẹ̀ bá tún dé, iye tí ẹ máa ń rà tẹ́lẹ̀ la ó máa tà fún yín, a kò sì ní fi kún owó rẹ̀.

Tòmátì àti ata kò sí nínú ètò yìí. Wọn kò ṣeé tọ́jú pamọ́, bí ọkọ̀ bá ṣe ń dé láti Kánò àti Kàdúná la ó máa tà wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun fi odindi àpò èlùbọ́ pamọ́, kí ó sọ fún wa kí oṣù kọkànlá tó parí, nítorí inú oṣù kejìlá la máa ń san àsansílẹ̀ fún àwọn tó ń sá gbódó. Fún epo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ lọ́wọ́ wá. A kò ní rọ epo sínú èyí tí omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Elélùbọ́, Kúbwà