Ẹ̀rọ Tí Ọmọdé Ń Fi Aṣọ Bò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa róbọ́ọ̀tì ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lókè òkun, èrò mi sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí òun yóò ṣe gbé e kúrò.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, àwọn olùwádìí kó róbọ́ọ̀tì kékeré kan tó rí bí ènìyàn, tó ń jẹ́ QRIO, sáàárín àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì ní San Diego, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí bátìrì bá tán tí ó sì dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ náà a fi aṣọ bò ó, wọ́n a sì kí i pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí ní kí ó kàn máa jó ṣáá, láìdá àwọn ọmọ lóhùn, ó sú wọn. Ìdáhùn ni ọmọdé ń fẹ́, olùkọ́ tí ń nu imú wọn kò sì fi èyí sílẹ̀ rí.

Ní ìparí 2024, owó tán lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe Moxie, róbọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọ ń bá sọ̀rọ̀ nílé, wọ́n sì kéde pé kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn òbí ló ku ẹkún rírẹ̀ fún. Kí ilé-ìwé tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò rẹ̀ àwọn ọmọ lẹ́kún níbẹ̀.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi,
Ọ̀yọ́.