Ẹ Yé Fi Rọ́bà De Kápó Ọkọ̀ Àtijọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde dá lórí ìkọ́ tó ń di kápó mú, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnì tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kápó kò bá tíì gbéra sókè níwájú rẹ̀ lórí eré lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni; ó ṣẹlẹ̀ sí èmi, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi.

Bàbá mi ló fi Mercedes 240 D rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì láti ọdún 1976 títí di 1985, tí ẹ́ńjìnì dísẹ́lì rẹ̀ ṣì ń dún bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e dé. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, kápó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, kò fẹ́ pa dé mọ́ àfi kí n jàn án mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Kétu níhìn-ín, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kò tilẹ̀ bẹ ẹnu ìkọ́ náà wò. Ó gé rọ́bà inú táyà, ó fi de kápó mọ́ irin iwájú ọkọ̀, ó ní ó ti parí. Mo sanwó, mo sì dúpẹ́, ìyẹn sì ń dùn mí títí di òní.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí mo ń gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí Ìpobẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan pàdé wa, tí atẹ́gùn rẹ̀ sì gbá wa lójú. Rọ́bà já. Kápó gbéra, ó bo gbogbo gíláàsì iwájú, n kò rí ọ̀nà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń ké pe Olúwa, èmi di sítíárìn mú láìyí i sí ọ̀tún tàbí sí òsì, mo yọrí láti ojú fèrèsé, mo sì ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ fi dúró létí títì. Gíláàsì ti sán káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Kì í ṣe ohun tí rọ́bà lè bá jà ni atẹ́gùn: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti kápó á di ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí èyí ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe fi ìkọ́ méjì sí i. Wáyà tí a ń fà lábẹ́ dáṣíbọ̀dù ló ń ṣí èkíní. Èkejì ni ìkọ́ ààbò, tí ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tú, kí ó lè di kápó mú bí èkíní bá yẹ̀. Lára ọkọ̀ mi, àwọn méjèèjì ló ti dákẹ́ iṣẹ́, rọ́bà ló sì bò wọ́n tí n kò fi mọ̀. Àwa tí a bí sí Kétu, ìlú Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó ń dáàbò bo ìlú, tí a mọ ohun tí ilẹ̀kùn ìlú jẹ́ fún àwọn baba wa, kò yẹ kí a máa fi rọ́bà ti ilẹ̀kùn.

Àgbà ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló wá bá mi tún un ṣe, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé mọ bí ó ti ṣe é. Ó gbé kápó dúró ṣánṣán, ó fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ẹnu ìkọ́ náà, ohun tó sì ń jáde níbẹ̀ dúdú bí ọṣẹ dúdú. Kò sí ohun tó kán nínú ìkọ́ èkíní yìí! Gírísì àtijọ́ àti eruku pupa Kétu ló ti dì pọ̀, tí ahọ́n ìkọ́ náà kò fi lè padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Ó kán ọ́ìlì ṣíṣàn sí ẹnu wáyà kí ó lè wọ inú rẹ̀ lọ, ó fi gírísì díẹ̀ pa ahọ́n náà, ó sì nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò, nítorí pé gírísì púpọ̀ ló ń kó eruku jọ.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni ó yà mí lẹ́nu jù. Kápó ṣì wà lókè tí ó fi ti sùkúrùdíráfà bọ ẹnu ìkọ́, bí ẹni pé irin kápó ló wọlé. Ó dún kọ́, ó dì í mú. Ó ní kí n wọlé lọ fa wáyà, ìkọ́ sì tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbà kí a pa kápó dé, nítorí pé ẹni tó bá pa á dé láìdán an wò, tí ìkọ́ sì kọ̀ tí kò ṣí mọ́, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ta. Lẹ́yìn náà ló tú nọ́ọ̀tì irin tó ń wọ ẹnu ìkọ́, ó ń yí irin náà ní ìlàjì ìlàjì: bó bá gùn jù, kápó á ga, á sì máa gbọ̀n, bó bá kúrú jù, á di dandan kí a máa jàn án mọ́lẹ̀. Nígbà tó dọ́gba, ó fún nọ́ọ̀tì náà le. Ìkọ́ ààbò nìkan ni sípíríńgì rẹ̀ ti rọ̀, ìyẹn nìkan sì ni ohun tí a rà. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju wákàtí méjì lọ.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń fi wáyà líle de kápó pinpin. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì bá gbiná, ta ni yóò rí ẹ̀mú fi gé e?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ yín gba òmìnira láìmọ bí a ti ń fọ ìkọ́ yìí àti bí a ti ń dán an wò. Mo sì ń bẹ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba pé, bí wọ́n bá ti wo bíréèkì àti iná tán, kí wọ́n fa wáyà kápó, kí wọ́n gbé e sókè láìfọwọ́ kan ìkọ́ ààbò. Bí kápó bá ṣí, kí wọ́n dá ọkọ̀ náà padà.

Èmi ni,
Ọlọ́kọ̀ kan ní Kétu.