Ẹ jẹ́ kí ọmọ inú ìtàn sunkún tẹ́rùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn ọ̀dọ́. Irú ìtàn kan ti ń wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ tó ń wo anime, eré àwòrán ilẹ̀ Japan, lórí fóònù ti ń kó àwọn òrìṣà ilẹ̀ Japan wọ inú ìtàn Yorùbá, ọ̀fọ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ: ìyá kú, ẹ̀gbọ́n kú, ọ̀rẹ́ kú sójú ọ̀nà, ẹni tó ṣẹ́kù ò mọ bí yóò ṣe máa gbé ayé lọ. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ìtàn Izanagi, òrìṣà tó wá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, ni ọ̀pọ̀ wọn ń sáré mú, bẹ́ẹ̀ ìtàn Susanoo, ọmọ rẹ̀, ló bá ọmọ ọdún 13 sí 17 mu.

Ti Izanagi kò le. Kojiki, ìwé ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Japan tí wọ́n kọ parí ní ọdún 712, sọ pé iná jó Izanami, ìyàwó Izanagi, nígbà tó ń bí òrìṣà iná, ó sì kú. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e dé Yomi, ìlú àwọn òkú. Obìnrin náà ní òun ti jẹ nínú oúnjẹ ibẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹni tó bá jẹ ẹ́ padà wálé, ó ní kó má wo òun. Ọkọ ṣẹ́ eyín òòyà rẹ̀ kan, ó tanná sí i, ó rí ìdin lára ìyàwó rẹ̀, ó sá. Ó yí òkúta dí ojú ọ̀nà. Obìnrin ní òun yóò máa pa ènìyàn 1,000 lójúmọ́, ọkùnrin ní òun yóò máa jẹ́ kí wọ́n bí 1,500. Ìtàn àgbàlagbà ni, ilẹ̀kùn títì ló sì parí sí. Kí ìtàn wọn má bàa parí síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa a jẹ́ kí òkú bá wọn padà wálé. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń dàrú, nítorí oúnjẹ Yomi tí ó ti jẹ kò já mọ́ nǹkan mọ́, òǹkàwé tí ìyá tirẹ̀ kò padà yóò sì máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun ò ṣe.

Nígbà tí Izanagi ti ibẹ̀ dé, ó wẹ̀ láti fọ èérí ikú kúrò lára. Láti ojú rẹ̀ òsì ni Amaterasu, òrìṣà oòrùn, ti jáde. Láti ojú ọ̀tún, Tsukuyomi ti òṣùpá. Láti imú, Susanoo. Izanami ti kú kí Susanoo tó dáyé, kò fojú kàn án rí. Síbẹ̀ òun ló pè ní ìyá, òun ló ń sunkún fún. Ó sunkún títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi gùn dé àyà, igi orí òkè rọ, odò gbẹ, òkun gbẹ. Baba bi í pé kí ló dé. Ó ní ilẹ̀ ìyá òun lòun fẹ́ lọ. Baba bínú, ó lé e jáde. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, tí ará ilé ń sọ fún pé “o ò kúkú mọ̀ ọ́n”, yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀ kíákíá.

Ẹkún tí wọn kò jẹ́ kó sun di ìbàjẹ́. Susanoo wó ebè tó pààlà oko ìrẹsì Amaterasu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dí ojú omi tó ń wọ oko, ó yàgbẹ́ sí gbọ̀ngàn ọdún ìkórè. Ó bó ẹṣin láwọ, ó jù ú gba òrùlé wọ ilé ìhunṣọ, ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ sì kú. Àwọn òǹkọ̀wé wa a máa fo gbogbo èyí, wọ́n fẹ́ kí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́. Ọ̀fọ̀ ọ̀dọ́ a máa jáde bí ìbínú, bí sísá kúrò nílé ẹ̀kọ́, bí ìjà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó ba nǹkan tí kò ṣeé tún ṣe jẹ́.

Amaterasu, ẹ̀gbọ́n náà, wọ inú ihò àpáta lọ, ayé ṣókùnkùn. Kò sí ẹni tó fọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n kóra jọ síta, wọ́n so dígí mọ́ igi, òrìṣà obìnrin kan, Ame-no-Uzume, jó lórí agbada tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, gbogbo òrìṣà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló mú un ṣílẹ̀kùn díẹ̀ láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ni òrìṣà alágbára kan bá fà á lọ́wọ́ jáde. Ijó ni gbogbo òǹkọ̀wé ń rántí. Ìyẹn okùn tí wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀ kó má bàa padà wọlé ńkọ́? Lójú tèmi, okùn yẹn ṣe pàtàkì ju ijó lọ. Orí ìwé méjì ni kí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde nínú yàrá: ta ló ń jí i fún ilé ẹ̀kọ́, ta ló ń jókòó tì í jẹun?

Wọ́n lé Susanoo lọ sí ilẹ̀ Izumo. Ó bá bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń sunkún, ọmọbìnrin wọn wà láàárín wọn. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ni wọ́n bí. Ejò olórí mẹ́jọ ń wá lọ́dọọdún láti jẹ ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan yìí. Susanoo ló bi wọ́n pé kí ló ń pa yín lẹ́kún. Ẹni tí wọ́n lé torí ẹkún ló dúró gbọ́ ẹkún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tó fi ọtí líle ìkòkò mẹ́jọ mú ejò náà sùn tó sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Idà tó rí nínú ìrù ejò, ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ló dé Suga, ó ní ọkàn òun ti balẹ̀, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì kéwì. Bí ẹ bá pín ìtàn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìbéèrè tí Susanoo bi àwọn arúgbó yẹn kò gbọdọ̀ wáyé ṣáájú ọ̀sẹ̀ keje.

Àṣìṣe méjì ń pọ̀. Nínú Nihon Shoki, ìwé ọdún 720, ojúlówó ìtàn ibẹ̀ ní Izanagi àti Izanami jọ bí Susanoo. Ẹni tó bá da ìyẹn pọ̀ mọ́ Kojiki, ọmọ inú ìtàn rẹ̀ yóò máa ṣọ̀fọ̀ ìyá tó wà láàyè. Èkejì ni fífi ọdún Bon sínú Yomi. Ti ẹlẹ́sìn Buddha ni Bon, ọjọ́ 13 sí 16 oṣù kẹjọ ni níbi púpọ̀. Wọ́n ń fi igi tín-ín-rín ṣe ẹsẹ̀ fún kùkúḿbà kó di ẹṣin tí òkú yóò gùn wálé kíákíá, wọ́n sì ń ṣe ìkàn ní màlúù tí yóò rọra gbé e padà. Ẹni tó mọ ọdún egúngún yóò tètè lóye rẹ̀: òkú wá kí wa ni, ọjọ́ tí yóò lọ ti wà nílẹ̀. Kí òǹkọ̀wé má ṣe fo ọjọ́ ìdágbére.

Kí wọ́n má sì sọ Susanoo di Ṣàngó. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá ń ka ìtàn Susanoo nínú ìtàn náà ti tó, nítorí a ní tiwa láti fi bá a pàdé. Wọ́n ń sọ fún wa pé Mọ́remí fi Olúorógbo fún odò Ẹsìnmìrìn. Ẹkún rẹ̀ kì í gùn ju gbólóhùn kan lọ. Ìtàn náà ní gbogbo Ifẹ̀ ṣèlérí pé àwọn yóò máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Báwo ni ìlú odindi ṣe ń di ọmọ fún abiyamọ tó ṣòfò? Ìwé kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ fún àwọn ọ̀dọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,000 lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ má sì ya ejò náà sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àpótí “Ẹ̀kọ́ inú ìtàn” tó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ewé kúrò fún àwọn wọ̀nyí. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ yóò kà á bí ìbáwí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.