Ẹ jẹ́ kí fèrè ìparí dún ká tó dìde

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín nípa àwọn òǹwòran tó ń fi pápá ìṣeré sílẹ̀ kí rẹfirí tó fọn fèrè ìparí. Ó dùn mí. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ dìde níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣì ń yí.

Ẹ rántí July 31, 1996, nígbà Òlíńpíìkì Atlanta. Ó ku bí ìṣẹ́jú 15, Bràsíìlì ń na Nàìjíríà ní 3-1. Bàbá mi pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ká lọ sùn. Ariwo àdúgbò ló jí wa! Ikpeba, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ti jẹ góòlù kan, Kanu tiwa náà jẹ òmíràn nígbà tí àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nínú àfikún àsìkò, Kanu yìí kan náà tún gbá ẹ̀kẹrin wọlé, ibẹ̀ ni eré parí sí. Títí dòní ni bàbá mi ń kábàámọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ tó ti sáré fún 80 ìṣẹ́jú gbójú sókè, ẹ̀yìn àwọn èèyàn rẹ̀ tó ń lọ ló rí. Ọkàn wo ló máa fi sáré èyí tó kù? Mo mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń ṣòroó rí lálẹ́, n kò bá ẹni tílé rẹ̀ jìn wí. Àwa tí a lè fẹsẹ̀ rìn délé ńkọ́?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.