Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde lórí Díìsì Géèmù Tí Wọ́n Ń Kó ní Ṣọ́ọ̀bù Wa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde,
Sẹkitéríátì, Ìjẹ̀bú-Òde.

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A kí ẹ̀yin àti gbogbo káńsẹ́lọ̀ yín.

Àwa tí a kọ ìwé yìí ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta díìsì géèmù, tó ń bá oníbàárà ṣe pààrọ̀ rẹ̀, tó sì ń ṣí ilé géèmù, láti Òkè-Àjé títí dé Gáréèjì Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé wa wá. Àwọn kan ń gbé àpò wọ ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ń ṣa díìsì lórí àtẹ, wọ́n ní ayédèrú ni. Ẹni tí kò bá rí owó fún wọn, ó ti pàdánù ọjà rẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í fi ìwé kankan hàn. A kò mọ ẹni tó rán wọn, a kò sì sọ pé ẹ̀yin ni, ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba ni wọ́n ń dá.

A kò ní purọ́ fún yín: nígbà ayé PS2 (PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Sony), tó jáde ní 2000, ayédèrú kún ìgboro. Wọ́n á tú ẹ̀rọ náà, wọ́n á jó ṣíìpù mọ́ ọn nínú, látìgbà náà lọ ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sórí DVD ni yóò gbà. Ẹni tó bá ṣì ń fi ojú ìgbà yẹn wò wá, a kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọjà tó wà lórí àtẹ wa lónìí kì í ṣe ti PS2. Ti PS4 ni, èyí tó jáde ní 2013, àti ti PS5, tó jáde ní 2020.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wa wà. Ilé iṣẹ́ tó tẹ díìsì máa ń fi àmì pamọ́ sí i lára, àmì tí ẹ̀rọ tí ará ilé fi ń kọ díìsì kò lè kọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Lórí PlayStation àkọ́kọ́, tó jáde ní Japan ní 1994, ipa tí iná ẹ̀rọ ń tọ̀ lórí díìsì kì í lọ tààrà, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, inú ìgbọ̀n yẹn ni àmì náà wà. (Abẹ́ díìsì tó dúdú nígbà yẹn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ni àṣírí, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.) Ti PS4 àti PS5 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: díìsì Blu-ray ni, àdììtú ìṣirò ni wọ́n sì fi ti ohun tó wà nínú rẹ̀ pa. Àwọn tó ń já PS4, ìyẹn àwọn tó ń tú ààbò inú rẹ̀ kí ó lè gba ayédèrú, pàápàá, orí hádì (ibi ìpamọ́ inú ẹ̀rọ) ni wọ́n ń kó géèmù sí, wọn kì í kọ ọ́ sórí díìsì, nítorí ẹ̀rọ kò ní gbà á. Nítorí náà, díìsì PS4 tàbí PS5 tó bá ṣí nínú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tú, ojúlówó ni, ì báà jẹ́ pé ó ti ha, ì báà jẹ́ pé kò ní páàkì. Àìní páàkì yìí ni wọ́n fi ń mú wa jù, bẹ́ẹ̀ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọjà wa, ibi tí ó ti ń bọ̀ ni páàkì rẹ̀ ti fọ́.

Bóyá ẹnìkan á bi wá pé ṣé ayé kò ti kúrò lórí díìsì ni. Ó ń kúrò lóòótọ́. Xbox Series S, ẹ̀rọ géèmù Microsoft ti 2020, kò ní ẹnu díìsì. PS5 Pro tó jáde ní ìparí 2024 kò ní in, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò ra ẹnu náà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n géèmù tó ju 100GB lọ, ta ni yóò fi dátà fóònù dáńlóòdù rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí àfikún owó ìpè àti dátà dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025? Àti pé géèmù tí èèyàn dáńlóòdù, inú àkáǹtì rẹ̀ ló máa wà. Kò lè tà á, kò lè yá ọ̀rẹ́. Ọmọ ilé ìwé Ìjagun tó gba FC, géèmù bọ́ọ̀lù, ti ọdún tó kọjá lórí díìsì, bí tuntun bá dé, yóò gbé e wá, yóò fi owó díẹ̀ lé e, yóò gba òmíràn lọ. Ní 2013, Microsoft kéde pé Xbox One yóò máa kàn sí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, pé títa díìsì àlòkù yóò sì ní ìdíwọ́. Ariwo oníbàárà mú kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ nínú oṣù kẹfà ọdún náà. Ṣé ohun tí aráyé pariwo lé lórí títí wọ́n fi jèrè rẹ̀ ni kí wọ́n wá máa fi gba owó lọ́wọ́ wa níbí?

A mọ̀ pé ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé Òfin 1999 fi í sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Nigerian Copyright Commission ló sì ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin kan náà, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì sábẹ́ yín. Ìdí nìyẹn tí a fi wá sọ́dọ̀ yín. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó díìsì ní ṣọ́ọ̀bù láìmú ìwé àṣẹ dání. Ẹni tó bá sì ní ìwé, kí ó ti díìsì bọ ẹ̀rọ lójú oníṣọ́ọ̀bù kí ó tó gbé e, kí ó sì kọ rìsíìtì ohun tó bá gbé. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. A fẹ́ kí ìkéde yìí jáde kí Iléyá tó dé, nítorí àsìkò Ojúde Ọba ni ọjà wa ń yá jù, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn alápò máa ń pọ̀.

Ní tiwa, a ti pinnu láti ní ìwé tí a ó máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá gbé díìsì tàbí ẹ̀rọ àlòkù wá sí, kí a má baà di ibi tí olè ń kó ẹrù sí. Ayédèrú díìsì PS2, tí ẹ bá rí i lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ gbé e. A kò ní bẹ̀bẹ̀ fún un.

Tí ó bá wù yín láti rí i fúnra yín, ẹ dá ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn fún wa. A ó gbé PS4 kan wá sí sẹkitéríátì, a ó kó ojúlówó àti ayédèrú pọ̀ mọ́ra, kí òṣìṣẹ́ yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́
Ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́