Owó páànù yẹn ń bọ̀, Bọ̀dá mi

Ulhasnagar, Kámpù 4, Íńdíà
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Bọ̀dá Délé,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara mi yá. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ẹ ní, "Ṣé búrẹ́dì lo bá lọ sí Íńdíà ni?" Ẹ wá rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí mo bá fẹnu sọ ọ́, ẹ ó ní mo rí yín fín.

Owó páànù ilé Bàbá, ₦200,000 tí mo jẹ yín, kò sọnù. Mo tún un sọ: kò sọnù.

Ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò tí mo gbé sí status yẹn kì í ṣe búrẹ́dì. Koki ni, oúnjẹ àwọn Síńdì. Ẹ rántí Chellarams tí Bàbá máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Èkó àtijọ́? Síńdì ni àwọn yẹn náà, láti 1923 ni wọ́n ti ń tajà ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, Sindh, ilẹ̀ wọn, bọ́ sí ọwọ́ Pakistan, àwọn tó jẹ́ Híńdù nínú wọn bá kó ẹrù. Kámpù tí àwọn ṣọ́jà fi sílẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ sí níbí. Ó ti di ìlú ńlá, Kámpù náà ni wọ́n ṣì ń pe àdúgbò. Ọmọ ọwọ́ ni màmá onílé mi nígbà tí wọ́n gbé e wọkọ̀ ojú omi ní Karachi. Ó ní koki ni ìyá òun dì sínú aṣọ fún ìrìn àjò náà, torí ó lè lo ọjọ́ méjì kó má bàjẹ́.

Apá ń ro màmá yìí, koki kò sì fẹ́ ọwọ́ rírọ̀, èmi ni mo wá ń bá a ṣe é. Ẹ ó da ghee (bọ́tà tí wọ́n yọ́) sí ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹ ó fọwọ́ ra á títí yóò fi dà bíi yẹ̀pẹ̀ tí òjò ṣẹ́ sí. Ó kan alùbọ́sà wẹ́wẹ́, ata ṣọ̀ǹbọ̀ tí kò tíì pọ́n, ewé dhaniya, hóró jeera, iyọ̀, àti hóró pómégíránátì gbígbẹ tí a gún díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, pómégíránátì inú Bíbélì. Omi kò gbọdọ̀ pọ̀, alùbọ́sà fúnra rẹ̀ á sun omi tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bu omi sí i bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ dé ọrùn ọwọ́. Màmá kò sọ̀rọ̀. Ó bu ìyẹ̀fun lé e, ó tì í padà sí iwájú mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ń gbé e kaná, ohun tó ń jí mi ní aago márùn-ún nìyẹn. A ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní kékeré, kó nípọn (igi tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ń ṣe iṣẹ́ ìgò tí Màmá wa fi ń tẹ ìyẹ̀fun ṣinṣin), a ó gbé e sórí táwà, páànù ìdáná pẹlẹbẹ, kó ṣáà ti pa àwọ̀ dà. A ó sọ̀ ọ́, a ó tún un tẹ̀ ní gbígbóná kó fẹ̀ sí i, a ó fi ọ̀bẹ sá a lára kí inú rẹ̀ lè jiná, kó tó padà sórí iná tí kò le, pẹ̀lú ghee létí. Bí iná bá le, ẹ̀yìn á jó, inú á wà ní tútù. Ti màmá máa ń rí roboto. Tèmi ṣì ń dà bí etí erin.

Nítorí iṣẹ́ yìí, ó ń yọ 2,000 rúpíì kúrò nínú owó ilé mi lóṣooṣù, mo sì ń jẹ nínú rẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì àti papad tó dà bí ìpékeré. Ẹ mọ̀ pé físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà mí láyè kí n lọ wáṣẹ́. Owó oṣù tí ilé ìwé ń fún mi sì fi oṣù méjì pẹ́. Kí lẹ rò pé mo ń jẹ?

Mo ti kó 7,000 rúpíì jọ. Ẹ ó rí ₦100,000 gbà ní ìparí oṣù yìí, ìyókù kí ọdún tó parí. Ẹ bá mi sọ fún oníṣọ́ọ̀bù páànù kó má tíì ta á fún ẹlòmíì.

Ẹ ní kí n yé gbé fọ́tò oúnjẹ sí status, pé àwọn ará ilé á rò pé mo ń jayé. Ẹ̀yin náà gbé bàtà tuntun sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rí i. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Owó jígí ojú Màmá wa tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kejì, ṣé ó dé ọwọ́ wọn? Lórí fídíò lánàá, èyí tí wọ́n fi rọ́bà so lápá ṣì ni wọ́n wọ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n bi yín. Owó páànù ń bọ̀, mo ti sọ ọ́. Ẹ dá mi lóhùn lórí ti jígí yìí.

Mo fẹ́ lọ rẹ́ alùbọ́sà ti òwúrọ̀ ọ̀la.

Àbúrò yín,
Kọ́lá