Lẹ́tà inú àpò gaàrí

Ìjẹ̀bú-Òde,
Òru Ọjọ́ Àìkú, oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Bùkì mi ọ̀wọ́n,

Gbọn ìwé yìí dáadáa kí o tó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, gaàrí wà lára ẹ̀. Èmi ni mo dìídì tì í bọ àárín àpò náà, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọwọ́ ẹ máa kọ́kọ́ dé kí o tó bèèrè bóyá ẹni tó gbé e wá gúnlẹ̀ láyọ̀. Kò mọ̀ pé lẹ́tà wà níbẹ̀. Má wulẹ̀ sọ fún un.

Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àbí? Ṣùgbọ́n fóònù ẹ máa ń pariwo bíi rédíò ṣọ́ọ̀bù télọ̀, Bọ̀dá Káyọ̀dé sì ń pè ẹ́ ní fídíò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gbọdọ̀ bá wọn níbẹ̀.

Aago kan ti lù. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, ọyẹ́ ń mú, ètè mi ti là. Bàbá Tọ́lá ń hanrun nínú yàrá bí ẹ̀rọ ìlọta. Èmi wà ní kíṣìnì, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ti da omi sí gaàrí, mo ju ẹ̀pà sí i, mo sì yọ orí ẹja díndín tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò láti àárọ̀. Mo ti di olè nínú ilé ara mi. Bí ọmọrí bá dún báyìí, màá dúró gbagidi, ẹnu mi á kún, mi ò ní lè jẹ ẹ́, mi ò ní lè gbé e mì, àfi ìgbà tí ìhanrun bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 52! Bí ìgbà tí Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwé wa ń tan làńtà kiri gẹ́lẹ́. Ìwọ lo kọ́ mi níwà yìí, má sẹ́. O rántí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì Sístà àti ṣíbí méjì? Títí dòní, bí mo bá rí búrẹ́dì Àgége tó ń gbóná, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ pa mí kí ebi tó pa mí.

Ìròyìn ilé, gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n má baà gbàgbé: Tọ́lá ti ríṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, àbúrò mi bí ọkùnrin, òrùlé wa kò jò mọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò wọ́n ní ṣúgà ti ń yọjú, ewúrẹ́ ilé kejì jẹ etí léèsì tí o fi ránṣẹ́, mo sì ti bá olówó ewúrẹ́ náà parí ìjà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ ẹ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà pé ìwọ ni. O ní ó ń wù ẹ́ jẹ láàárín òru, o ní iṣu Gánà lo rí rà ní Peckham, o sì fi bùlẹ́ńdà lọ ọ́, o tún da omi sí i kó lè yí. Bùkọ́lá! Ṣé ọ̀gì lo fẹ́ pò ni? Bó o bá bẹ iṣu funfun títí ilẹ̀ fi mọ́, kò lè di ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ló niṣẹ́ yẹn. Òun ló máa ń yọ̀ lọ́wọ́, òun náà ló sì máa ń di ara ẹ̀ mú bó bá bọ́ sínú ata tó ń hó. Bùlẹ́ńdà á kàn lù ú di ìtọ́ ni. Ọmọ ẹ tó ní ó jọ èébì ológbò ò jẹ̀bi. Bá mi fún un ní bisikíìtì.

Ó dà bíi pé òkun ti gbé ojú ẹ lọ, tí o ò rántí Màmá yín níbi ààrò mọ́. Àpótí kékeré yẹn, páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára. Wọ́n á kọ́kọ́ fi epo pa ọwọ́ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́ kí ewùrà má baà yún wọn, wọ́n á wá máa rin ín, kùrù, kùrù, wọn ò ní kan omi mọ́ ọn rárá, iyọ̀ díẹ̀ ni. Ata á ti máa hó lórí iná: epo pupa, edé Ẹ̀pẹ́, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ tó ti rọ̀, irú wooro. Wọ́n á wá máa fi ọwọ́ bù ú sí i ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí ẹni tó ń dín àkàrà, wọ́n á dé e, wọ́n á sì mú ṣíbí onígi dání, kì í ṣe torí ọbẹ̀ o, torí àwa méjì ni. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìkòkò yìí kó tó dì, màá rò ó pọ̀ mọ́ ọn." Ìgbà tí wọ́n bá wá ṣí i, kókó ẹ̀ á wà lọ́tọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀ á wà lọ́tọ̀, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀bà àná, tó ti tutù, tó ti gan, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀bà gbígbóná jẹ ìkọ́kọrẹ́, àlejò ni.

Mo bú ẹ tán. Jẹ́ kí n wá sòótọ́: tèmi náà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Òkè-Ajé, mo ṣa ewùrà tó wù mí, mo ní kí wọ́n bá mi ra edé bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Mo rin ín lọ́wọ́, mi ò da omi sí i, mi ò ṣí i kó tó dì. Ó dùn o. Bàbá Tọ́lá jẹ àwo méjì, ó tún há ìkòkò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Mo jókòó ti àwo tèmi, mo ń tú u kiri bí ẹni tí yẹtí já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sínú iyanrìn. Irú pé, epo pé, iyọ̀ pé. Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé ata ni. Ata ẹ̀rọ. Alọta àdúgbò wa, ẹ̀wà àkàrà lẹ́nì kan lọ kúrò, tìẹ ló kàn, ẹ̀gúsí ló tẹ̀lé e, irin náà á sì ti gbóná títí ata á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná kó tó délé. Ata orí ọlọ kì í kúnná tán. Èèpo ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, o máa ń pàdé ẹ̀ lẹ́nu. Nǹkan tí mo ń wá nínú àwo nìyẹn.

Èyí ló sì gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sá fún láti òkè.

Mo yà sílé yín lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìnkùlé tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀, Bọ̀dá Káyọ̀dé dúró tì í, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wó ilé ìdáná Màmá, kí àwọn kọ́ ṣọ́ọ̀bù 3 tó kọjú sí títì. Wọ́n ní o mọ̀ sí i. Ṣé o mọ̀ sí i? Ìkòkò irin ńlá méjèèjì tí Màmá fi ń dáná àríyá ò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti tà wọ́n fún àwọn tó ń ra irin tó ti bàjẹ́. Irin tó ti bàjẹ́! Ìkòkò tó bọ́ gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá yín!

Bùkì, o ò gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Èmi ò rí i o, wọ́n sọ fún mi ni. Wọ́n ní obìnrin kan tó ń ta àmàlà nítòsí gáréèjì ló máa ni ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bọ̀dá Káyọ̀dé, tí kì í jẹun níta, tí ń gbé abọ́ oúnjẹ Màmá dání lọ síbi iṣẹ́ bí ọmọ ilé ìwé, wọn kì í fi alẹ́ kan jẹun sílé mọ́. Ìyá Tàíwò rí wọn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó tún rí wọn ní Ọjọ́rú, ó ní aago mẹ́wàá ti kọjá, wọ́n ń bá obìnrin náà kó àwo. Wọ́n ní wọn kì í sanwó mọ́! Nígbà tí ọkùnrin bá dẹ́kun àtisan owó àmàlà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo, kí lo fẹ́ kí n rò?

Mo lọ wò ó. Dájúdájú mo lọ. Mo we gèlè bò dé ojú, mo jókòó lẹ́yìn ọkùnrin kan tó sanra. Mo fẹ́ jẹ ẹyọ kan kí n fi ṣe amí, ni mo bá jẹ ẹyọ mẹ́ta. Gbẹ̀gìrì ẹ̀ dára, Bùkì, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó lọ́yàyà, ó mọ́ tónítóní. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé kán-ún ti pọ̀ jù nínú ewédú ẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e kọ́. Ọdún 7 ni ìyàwó Bọ̀dá ti kú, ó sì yẹ kí ẹnì kan máa bá wọn jẹun. Ilé ìdáná yẹn nìkan ni mo ń bínú sí.

Ọlọ Màmá ṣì wà níbẹ̀. Adìẹ ló ń sùn lórí ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti jìn bí àwo, ibi tí ọwọ́ Màmá ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀, etí tó ṣán yẹn náà wà níbẹ̀, tí àwa méjì ní ewúrẹ́ ló gbé e ṣubú. Mo wá ọmọ ọlọ títí, mi ò rí i, àṣé òun ni Bọ̀dá fi ti géètì kí atẹ́gùn má baà pa á dé. Mo gbé e. Wọ́n ní, "Ṣadé, gbé òkúta yẹn sílẹ̀, géètì á gbá ẹ." Mo gbé e sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti padà sókè lọ ka ibi tí mo ti kọ ṣúgà. Fara balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì le, ó ní kí n fi búrẹ́dì sílẹ̀, kí n yé mu gaàrí lóru, kí ẹ̀bà mi má ju ìkúùkù lọ. Mo bi í pé ìkúùkù ta ni, tèmi àbí ti Bàbá Tọ́lá. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n o mọ bí ti Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀, egbò kékeré yẹn tí wọ́n ní ẹ̀fọn ló jẹ wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yẹ̀ mí wò ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ ara mi lóru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí mi ò bá wá sùn, kíṣìnì ni màá wà, bí mo bá sì dé kíṣìnì, gaàrí ló máa kí mi káàbọ̀. Èyí tó wà níwájú mi yìí ni ìkẹyìn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lánàá náà.

Nítorí náà, bá mi pe Bọ̀dá. Pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, téèpù ti wọn ilẹ̀ tán. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọlọ yẹn fún mi, òun àti ọmọ ẹ̀. Mi ò lè fẹnu ara mi tọrọ ẹ̀, èmi kì í ṣe ọmọ ilé, a kì í sì í dédé lọ gbé ọlọ òkú nílé onílé. Bó o bá fẹ́ ẹ padà lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà. Má dárúkọ alámàlà o! Ní o lálàá.

Kí o sì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ohùn, èyí kì í ṣe àṣírí: ṣé Màmá máa ń fi irú sí epo kí ata tó wọ̀ ọ́, àbí lẹ́yìn? Mo ti ṣe méjèèjì, mi ò dá ara mi lójú.

Ohun tó wà nínú ẹrù: gaàrí kóńgò 4, ọjọ́ 5 ló lò nínú àpò kí wọ́n tó yan án, kíkan ẹ̀ á jí òkú, tọ́ ọ wò kí o tó bu ṣúgà sí i. Èlùbọ́. Irú tí mo sá gbẹ. Edé. Kò sí pọ̀nmọ́, wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọlé sọ́dọ̀ yín, ẹni tó ń gbé e bọ̀ ò sì fẹ́ kí ajá pápákọ̀ òfúrufú máa gbóòórùn òun kiri. Mo fẹ́ fi ewùrà kan sí i, ó wo bó ṣe tóbi tó, ó wo ojú mi, mo gbé e kúrò.

Ike búlúù tí edé wà nínú ẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ti Ìyá Tàíwò ni, ó sì ti bi mí nípa ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀, tòun tọmọrí.

Ìhanrun ti dákẹ́. Mo ń lọ gbé àwo pamọ́.

Èmi ni,
Ṣadé ẹ.